Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ohun Ìdáná Tí A Fi Ọfọ̀ Ṣe Nínú Ìtàn Àròsọ

Lára àwọn lẹ́tà tí ó dé ọ̀dọ̀ wa lóṣù yìí, mẹ́rin ni ó dá lórí ọ̀rọ̀ kan náà: báwo ni òǹkọ̀wé ṣe lè dá ohun ìdáná tí a fi ọfọ̀ tàbí oògùn ṣe sílẹ̀ nínú ayé àfinúdá rẹ̀, tí òǹkàwé yóò sì gbà pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lè wà? Inú mi dùn pé Èkó ni gbogbo wọn ti wá, nítorí kò sí ọmọ Èkó tí a ní láti ṣàlàyé fún ohun tí ọ̀wọ́n epo lè sọ ìlú dà láàárín ọjọ́ méjì. Mo gé àwọn lẹ́tà náà kúrú díẹ̀, ṣùgbọ́n n kò yí èrò inú wọn padà.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Mò ń kọ ìtàn kan nípa ìlú kan tí ó wà lórí ọ̀sà. Àwọn obìnrin ìlú náà máa ń lọ sí etí ọ̀sà ní ìdájí, wọn á pọn omi sínú ìkòkò, wọn á pe ọfọ̀ sí i, omi náà á sì dì bí òkúta. Ẹyọ òkúta kan tó ìdílé kan dáná fún oṣù kan, kì í sì í rú èéfín. Àwọn ọ̀rẹ́ mi tí wọ́n ka orí mẹ́ta àkọ́kọ́ sọ pé ó dùn ní ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ó yá, wọn kò mọ ohun tí wọ́n tún ń kà á fún mọ́. Kí ni kí n ṣe sí i? — Òǹkọ̀wé ọ̀dọ́, Èbúté Mẹ́ta.

Ìdáhùn: Àbúrò mi, o kú ìfarabalẹ̀. Mo ka orí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí o fi ránṣẹ́, ìran àwọn obìnrin létí ọ̀sà ní ìdájí sì dára púpọ̀; má ṣe yọ ọ́ kúrò. Ibi tí wàhálà wà ni pé òkúta rẹ ti pèsè gbogbo ohun tí ará ìlú ń fẹ́ kí ìtàn tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Omi ọ̀sà kò lówó lórí, ọfọ̀ kò lówó lórí, gbogbo obìnrin ìlú ni ó mọ̀ ọ́n pè, kò sí èéfín, kò sì sí ewu. Ìyàwó ilé kan kò ní ìdí kankan láti bá aládùúgbò rẹ̀ rẹ́ tàbí láti bá a jà nítorí iná. Bí ẹnikẹ́ni kò bá sì wá nǹkan kan nínú ìtàn, òǹkàwé náà kò ní rí ohun tí yóò bá a wá.

Ìbéèrè tí mo máa ń bi ẹni tí ó bá gbé irú ìtàn yìí wá ni pé: kí ni ohun ìdáná yìí gbà kí ó tó di ohun ìdáná, ọwọ́ ta ni ó sì ti gbà á? Gbogbo ohun tí a ń dá iná sí láyé tiwa ni ó ti kọ́kọ́ gba nǹkan níbì kan. Ọwọ́ oòrùn ni igi ti gba agbára tí ó ń jó jáde nínú ààrò. Epo rọ̀bì wá láti ara òkú àwọn ẹ̀dá wẹ́wẹ́ inú òkun tí ilẹ̀ bò mọ́lẹ̀ fún ọ̀kẹ́ àìmọye ọdún, tí ooru abẹ́ ilẹ̀ àti ìwúwo rẹ̀ sè títí tí wọ́n fi di epo. Láàárín ọdún 1840 sí 1850 ni James Joule, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe àwọn àyẹ̀wò tí ó fi hàn pé iṣẹ́ tí a bá ṣe lè di ooru ní ìwọ̀n kan tí kì í yẹ̀, èyí sì wà lára ohun tí ó mú kí àwọn onímọ̀ gbà pé agbára kì í ti inú òfìfo wá, pé ṣe ni ó ń ti ibì kan lọ sí ibòmíràn, tí ó ń pa ìrísí dà. Ayé àfinúdá lè kọ òfin yìí sílẹ̀ bí òǹkọ̀wé bá fẹ́, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ó fi òfin mìíràn rọ́pò rẹ̀, àwa Yorùbá kò sì ní láti lọ yá òfin náà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àgbà oníṣègùn kì í fún ni ní oògùn kí ó má sọ èròjà rẹ̀, àkókò tí a ó lò ó, ètùtù rẹ̀ àti èèwọ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó bá gba oògùn tí kò ní èèwọ̀ kankan, ọkàn rẹ̀ kò ní balẹ̀ sí i.

Jẹ́ kí n fi èédú ṣe àpẹẹrẹ, nítorí òun ni ó sún mọ́ òkúta rẹ jù lọ nínú gbogbo ohun tí a ń dá sí iná nílé wa: nǹkan kan ni a yí padà di òmíràn tí ó gbóná jù ú lọ. Àwọn tí ó ń sun èédú á to igi jọ, wọn á fi ewé àti iyẹ̀pẹ̀ bò ó, wọn á wá dáná sí i nínú lọ́nà tí atẹ́gùn tí ó ń wọlé kò fi ní tó kí igi náà jó tán. Fún ọjọ́ mélòó kan ni ènìyàn ní láti máa ṣọ́ òkìtì náà lọ́sàn-án àti lóru, nítorí bí ara rẹ̀ bá là tí atẹ́gùn bá ráyè wọlé, gbogbo làálàá náà di eérú. Ní ọ̀nà àtijọ́ yìí, igi tí ó tó kílò 5 sí 10 ni ó máa ń lọ sí kílò èédú 1. Bí a bá gbé kílò kan ti kílò kan, èédú máa ń mú ooru tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti igi gbígbẹ wá, ṣùgbọ́n èyí tí ó pọ̀ jù nínú agbára igi náà ti bá èéfín lọ kí èédú tó dé ọjà. Igbó ti san owó, ẹni tí ó ń ṣọ́ òkìtì ti fi oorun san owó, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ sì ti fa èéfín. Ìtàn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ti wà nínú àpò èédú kan kí oníyán tó rà á.

Wàyí o, ṣe ìṣirò òkúta rẹ. Sílíńdà gáàsì oníkílò 12.5, èyí tí ọ̀pọ̀ ìdílé ní Èkó mọ̀ dáadáa, ní ooru tí ó tó nǹkan bí kilowatt-hour 160 nínú (kilowatt-hour ni ìwọ̀n tí a fi ń ka iná mànàmáná tí a lò). Alágbára ọkùnrin tí ó bá ṣiṣẹ́ agbára fún odidi wákàtí 8 kò ṣe ju iṣẹ́ tí ó tó nǹkan bí kilowatt-hour 0.6 lọ. Bí o bá pín èkíní sí èkejì, wàá rí i pé agbára inú sílíńdà kan ṣoṣo ju iṣẹ́ òòjọ́ 260 ọjọ́ lọ. Òkúta rẹ tí ó tó ìdílé kan dáná fún oṣù kan kò lè jìnnà sí èyí. Iṣẹ́ tí ó ju oṣù mẹ́jọ lọ ni obìnrin kan fi ẹnu lásán fà wọ inú omi ìkòkò kan kí ilẹ̀ tó mọ́, o kò sì sọ fún wa pé ó rẹ̀ ẹ́, tàbí pé òùngbẹ gbẹ ẹ́, tàbí pé ọ̀sà fà sẹ́yìn ní ìka kan. Ohun tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ń wá nìyẹn, bí wọn kò tilẹ̀ rí orúkọ fún un.

Níwọ̀n ìgbà tí ó jẹ́ pé ọfọ̀ ni o fi ń dá òkúta náà, ohùn ni n bá gbà bí èmi bá ni mo ń kọ ọ́. Òkúta kọ̀ọ̀kan á gba díẹ̀ nínú ohùn ẹni tí ó pè é. Ọmọge tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ náà kò ní mọ̀ ọ́n lára. Á rò pé òtútù ìdájí ni ó há òun lọ́fun. Tí ó bá fi di ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, kò ní lè pe ọmọ rẹ̀ láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí ó gbọ́ nínú àgbàlá mọ́. Bí òkúta náà bá sì ń jó nínú ààrò, ẹni tí ó bá fetí sí i á gbọ́ ohùn náà tí ó ń jáde bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Wo iye ìran tí èyí bí: ìyàwó ilé tí ó mọ̀ pé ohùn ìyá òun tí ó ti kú ni ó wà nínú òkúta kan ṣoṣo tí ó kù nílé, tí òjò sì ti ń rọ̀ láti àná, tí àwọn ọmọ ń sunkún oúnjẹ, ọkùnrin olówó tí ó ń ra òkúta àwọn akọrin nìkan nítorí pé ó fẹ́ràn láti máa jẹun pẹ̀lú orin, ọjà tí ó kún fún obìnrin tí wọ́n ń fi ọwọ́ ná ọjà nítorí pé ohùn wọn ti tán. N kò ní kí o mú àbá yìí tipátipá. Ó lè jẹ́ pé ọ̀sà ni yóò san owó náà, tí etí omi á máa jìnnà sí ilé lọ́dọọdún, tí àwọn apẹja á sì gbé ẹjọ́ àwọn obìnrin lọ sí ààfin. Ohun tí mo ń bẹ̀ ọ́ pé kí o ṣe ni pé kí o yan ẹyọ kan, kí o sì dúró tì í láti orí kìíní títí dé ìparí, láìdá ẹnikẹ́ni sí, títí kan olú ẹ̀dá ìtàn tí o fẹ́ràn jù.

Ìbéèrè: Olóòtú wa ọ̀wọ́n, nínú ìtàn tèmi, ẹdùn àrá ni wọ́n fi ń tan iná, òun náà ni wọ́n sì fi ń wa ọkọ̀ ojú omi. Àwọn ọ̀dọ́ máa ń lọ wú u lóru níbi tí àrá bá ti sán, wọn á sì tà á fún àwọn olówó. Bàbá mi, tí wọ́n jẹ́ ẹlẹ́sìn Ṣàngó, sọ pé ohun tí mo ń kọ kò dára. Ṣé kí n fi orúkọ mìíràn pè é kí àlàáfíà lè wà? — Òǹkàwé obìnrin, Ìsàlẹ̀ Èkó.

Ìdáhùn: Ẹ má tíì yí orúkọ rẹ̀ padà o. Ẹ kọ́kọ́ lọ jókòó ti bàbá, kí ẹ ní kí wọ́n ṣàlàyé ohun tí kò dára nínú rẹ̀ fún yín, kí ẹ sì gbọ́ wọn dé òpin. Mo gbàgbọ́ pé inú ìbínú wọn ni apá tí ó dára jù nínú ìtàn yín wà. Ní ìlànà àwọn ẹlẹ́sìn Ṣàngó, bí àrá bá sán lu ilé, ẹnikẹ́ni kò lè ṣàdédé lọ wú ẹdùn àrá ibẹ̀. Àwọn Mọgbà, tí wọ́n jẹ́ àwòrò Ṣàngó, ni wọn yóò wá sí ilé náà, wọn yóò ṣe ètùtù, onílé yóò sì san ohun tí wọ́n bá bù lé e. Àwọn ni wọ́n ní ẹ̀tọ́ láti yọ ẹdùn náà. Èyí túmọ̀ sí pé kí ẹ tó kọ gbólóhùn kan, àwọn olùtọ́jú ti wà, owó ìtanràn ti wà, ìbẹ̀rù ti wà, èèwọ̀ sì ti wà. Orògbó ni a fi ń bọ Ṣàngó, obì jẹ́ èèwọ̀ rẹ̀. Ẹ fojú inú wo ohun tí ó lè ṣẹlẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi tí ẹdùn àrá ń wà, bí ẹnì kan nínú èrò bá gbé igbá obì wọlé láìmọ̀. Òǹkọ̀wé ilẹ̀ òkèèrè tí ó bá fẹ́ dá irú òfin báyìí sílẹ̀ yóò fi ọ̀pọ̀ oṣù ronú; àwọn bàbá yín ti fi pamọ́ fún yín sínú ilé.

Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń wú ẹdùn lóru ni ó ká mi lára jù. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá ọdún 2006, wọ́n ti lu ọ̀pá epo bẹntiróòlù kan ní Abúlé Ẹ̀gbá ní òru, àwọn ará àdúgbò sì jáde pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì àti abọ́ láti gbọ́n ohun tí ó ń ṣàn. Iná sọ, àwọn tí ó bá a lọ sì ju 200 lọ. Kì í ṣe ọ̀ràn ojúkòkòrò nìkan. Epo náà ń gba abẹ́ ilẹ̀ àdúgbò wọn kọjá lójoojúmọ́, ó ń lọ sí ibòmíràn. Bí ẹ bá fẹ́ kọ àwọn ọ̀dọ́ inú ìtàn yín gẹ́gẹ́ bí olè lásán, wọn kò ní wúwo lójú ìwé. Ẹ jẹ́ kí a mọ ilé tí wọ́n ti jáde, kí a mọ̀ pé òkùnkùn ni ilé náà, kí a sì mọ̀ pé ilé olówó tí ó ń ra ẹdùn náà kò jìnnà sí i.

Ẹ tún ní láti yanjú ọ̀rọ̀ ìwọ̀n. Àrá máa ń dẹ́rù bani débi pé a rò pé agbára inú rẹ̀ kò lópin, ṣùgbọ́n ìṣirò àwọn onímọ̀ nípa mànàmáná ẹyọ kan sábà máa ń wà ní àyíká bílíọ̀nù 1 júùlù, ìyẹn ìwọ̀n tí àwọn onímọ̀ fi ń wọn agbára. Ìyẹn kò ju agbára tí ó wà nínú epo bẹntiróòlù tí ó tó nǹkan bíi lítà 30 lọ, kẹ́ẹ̀gì ńlá kan àti díẹ̀. Agbára náà ń tú jáde láàárín àkókò tí kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan, òun ni ó fi ń fa igi ya. Ilé iṣẹ́ amúnáwá Ẹgbìn tí ó wà létí ọ̀sà lápá Ìkòròdú, tí wọ́n kọ́ láti pèsè megawatt 1,320 (megawatt kan ni mílíọ̀nù kan júùlù ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan), á pèsè ju ti àrá kan lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo, bí gbogbo ẹ̀rọ rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bá ń ṣiṣẹ́ dé góńgó. Nítorí náà, bí ẹdùn kan bá kàn jẹ́ àṣẹ́kù agbára àrá kan, kò lè gbé ọkọ̀ yín dé Ẹ̀pẹ́ kí ó tún gbé e padà. Ọ̀nà mìíràn wà tí mo fẹ́ràn jù: kí ẹdùn náà má jẹ́ epo rárá, kí ó jẹ́ ẹnu ọ̀nà tí Ṣàngó ń gbà fún ni ní iná nígbà tí inú rẹ̀ bá dùn sí ẹni tí ó dì í mú. Nígbà náà, ẹdùn tí a jí wú yóò jó nígbà tí ó bá wù ú, kò sì sí atukọ̀ tí yóò gbójú lé e tí ọkàn rẹ̀ yóò balẹ̀. Bàbá yín á lè gba irú ìtàn bẹ́ẹ̀ wọlé, nítorí pé òrìṣà náà ṣì ni olówó ohun rẹ̀ nínú rẹ̀.

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀wọ́, ta ni kí ó ni ohun ìdáná náà nínú ìtàn: ọba, ẹgbẹ́ àwọn onísòwò, tàbí àwọn tí ó ń ṣe é? — Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ girama, Súrùlérè.

Ìdáhùn: Ẹnikẹ́ni nínú wọn lè ni ín, bí ẹ bá ti mọ ọ̀nà tí ó ń gbà dé ọwọ́ ẹni tí ó ń lò ó. Ẹ wo Èkó wa yìí. Ní ọdún 1923 ni ilé iṣẹ́ amúnáwá Ìjọ́ra bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, èédú inú ilẹ̀ ni ó sì ń jẹ. Wọ́n ti rí èédú náà ní apá Ẹnúgù ní ọdún 1909, wọ́n sì ti ń wà á láti ọdún 1915. Ọkọ̀ ojú irin ń gbé e lọ sí Port Harcourt, ọkọ̀ ojú omi ń gbé e káàkiri etí òkun. Ẹni tí ó ń ka ìwé lábẹ́ gílóòbù ní Màrínà kò rí ojú ẹni tí ó dọ̀bálẹ̀ nínú ihò tí ó ń gbẹ́ ẹ. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1949, àwọn awakùsà náà ń jà fún owó iṣẹ́ wọn ní Iva Valley ní Ẹnúgù, àwọn ọlọ́pàá ìjọba amúnisìn sì yìnbọn pa 21 nínú wọn. Ìròyìn náà dé Èkó, ó gbóná lẹ́nu àwọn olóṣèlú àti àwọn oníwèé ìròyìn, ó sì fi kún ìjà òmìnira. Láti ibi ihò kan ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Àwọn oníṣòwò tí ó wà láàárín náà ṣe pàtàkì, mo sì rí i pé àwọn òǹkọ̀wé wa máa ń gbàgbé wọn. Bí àwọn oníṣẹ́ ọfọ̀ bá ń ṣe ohun ìdáná ní ìlú òkè, tí wọ́n sì ń lò ó ní ìlú etí òkun, ẹnì kan ní ìgò tí wọ́n ń rọ ọ́ sí, ẹnì kan ní ọkọ̀, ẹnì kan ní àká, ẹnì kan ní àṣẹ tí ó ń jẹ́ kí ọkọ̀ kọjá lẹ́nu ibodè. Ọba lè pàṣẹ pé kí a máa tà á fún mẹ̀kúnnù ní ẹ̀dínwó, kí àpò ààfin máa san ìyókù. A mọ bí irú rẹ̀ ṣe máa ń rí. Nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ọjọ́ kìíní ọdún 2012, lítà bẹntiróòlù kan fo láti ₦65 sí ₦141, ilẹ̀ Èkó sì dúró. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn péjọ sí Ọjọ́ta lójoojúmọ́ títí tí wọ́n fi dá iye náà padà sí ₦97. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kárùn-ún ọdún 2023, wọ́n tún kéde pé owó ìrànwọ́ náà ti lọ, kò sì sí ẹni tí ó ń wọ dánfó tí kò mọ ọjọ́ náà lára. Ẹ mú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín kọ ọjọ́ kan náà ní ìlú àfinúdá: ọba ti sọ̀rọ̀ ní àárọ̀, kí ni eléwé ọmọ sọ ní ọ̀sán, kí ni ọlọ́kọ̀ sọ ní ìrọ̀lẹ́, èèlò ni iná alẹ́ ọjọ́ náà? Wọ́n á kọ ọ́ dáadáa. Wọ́n ti gbé inú rẹ̀.

Ìbéèrè: Ṣé ó pọn dandan kí ohun ìdáná tí a fi agbára àìrí ṣe ní èéfín tàbí eérú? Mo rò pé dídára rẹ̀ ni pé kò ní àbùkù ti epo. — Akẹ́kọ̀ọ́, Àkọkà.

Ìdáhùn: Kò pọn dandan kí ó rú èéfín. Ó yẹ kí ó fi nǹkan sílẹ̀, nítorí ohun tí iná fi sílẹ̀ ni a fi ń mọ̀ pé ó jó. Ẹ ti rí i láti orí afárá kẹta bí èéfín ṣe máa ń bo ojú omi lápá Èbúté Mẹ́ta, níbi tí wọ́n ti ń sun ìyẹ̀fun pákó ní Oko Bàbá, tí àwọn obìnrin Mákòókò sì ń yan ẹja nítòsí ibẹ̀. Ẹja yíyan náà, èéfín ni ó fún un ní adùn, èéfín náà ni kì í jẹ́ kí ó tètè bàjẹ́, òun kan náà ni ó sì ń ta ojú àwọn tí ó ń yan án. Èyí tí ó léwu jù ni èyí tí a kò rí. Ẹ̀rọ amúnáwá tí a tàn sínú yàrá tàbí sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ń tú carbon monoxide jáde, gáàsì tí kò ní òórùn tí kò sì ní àwọ̀, ó sì ti pa odidi ìdílé lójú oorun ní ìlú yìí. Ohun ìdáná àìrí tí ó mọ́ tónítóní lójú lè ní irú ìjàǹbá bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn, tí ìlú á sì lò ó fún ìran kan kí ẹnikẹ́ni tó kíyè sí i pé àwọn ọmọ tí wọ́n bí nítòsí iná náà kì í lá àlá.

Ní ti eérú, ẹ má fi ojú ìdọ̀tí nìkan wò ó. Eérú èèpo kókó àti àdín ni àwọn ìyá wa fi ń ṣe ọṣẹ dúdú, nítorí náà àwọn ará ìlú yín náà á wá nǹkan fi ti wọn ṣe. Wọ́n lè fi fọ aṣọ, kí aṣọ náà máa tàn díẹ̀ lóru. Wọ́n lè dà á sí oko, kí iṣu ta ju bí ó ṣe yẹ lọ, kí ẹni tí ó jẹ ẹ́ sì máa gbọ́ ọfọ̀ náà nínú ara rẹ̀. Bí kò bá sì sí ìwúlò kankan fún un, wọ́n á wá ibì kan da á sí, ibẹ̀ kò sì ní jẹ́ iwájú ààfin. Ẹ ya àwòrán ìlú yín sí ojú ìwé kan, kí ẹ fi àmì sí ibi tí wọ́n ti ń ṣe ohun ìdáná náà, ibi tí wọ́n ti ń sun ún, àti ibi tí wọ́n ń da eérú rẹ̀ sí, kí ẹ wá bẹ̀rẹ̀ orí kìíní ní ilé tí ó sún mọ́ ààtàn eérú náà jù.